Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: antẹ́nà wo ni kí n rà fún rédíò satẹ́láìtì l'Ékòó?

Táíwò_Campos

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé yìí. Campos ni mo ń gbé, Lagos Island níbí, àjà kẹta la wà, lánlọ́ọ̀dù ti gbà kí n lo orí ilé bó bá ṣáà ti jẹ́ pé mi ò ní lu páànù ẹ̀ jò. Ìwé àṣẹ mi láti NCC ti jáde. Mo ní rédíò ọwọ́ méjì tó ń gbé 2 mítà àti 70 sẹ̀ǹtí (ìgbì rédíò ìtòsí 145 àti 435 megahẹ́ẹ̀tì), Baofeng ni méjèèjì, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Satẹ́láìtì ló wá gbà mí lọ́kàn báyìí, kí n máa tipasẹ̀ ẹ̀ bá àwọn oní rédíò bíi tèmi sọ̀rọ̀. Àjọ mi máa bọ́ sí mi lọ́wọ́ lóṣù tó ń bọ̀, mo wá ń rò ó pé kí n kó gbogbo ẹ̀ sórí rotator Yaesu G-5500, ẹ̀rọ tó ń yí antẹ́nà tẹ̀ lé satẹ́láìtì, pẹ̀lú yagi gbọọrọ méjì (antẹ́nà oníọ̀pá púpọ̀ tó ń kọjú síbì kan), kí n wá máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ fún rédíò ńlá Icom IC-9700. Àbí ọ̀nà míì wà? Mo ti wo fídíò títí orí fi ń fọ́ mi, ará Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù ni gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ṣe?

Ayọ̀_Akoka

Ẹ̀gbọ́n Táíwò ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ra rotator o, owó yẹn pọ̀ jù fún ẹni tí ò tíì gbọ́ satẹ́láìtì kankan rí. Ẹ fọwọ́ ara yín ṣe yagi tẹ́ ẹ lè gbé lọ́wọ́. Èmi, páìpù PVC táwọn ẹlẹ́tríìkì fi ń gba wáyà kọjá nínú ògiri ni mo lò, mo wá ra ọ̀pá alumíníọ̀mù ní Odunade l'Orílé, ọ̀pá mẹ́ta fún 2 mítà, méje fún 70 sẹ̀ǹtí, ẹ to ti ọ̀kan ní ìdúró ẹ to ti ìkejì ní ìbú kí wọ́n má baà máa da ara wọn láàmú. Èyí tó gùn jù lára ti 2 mítà fi díẹ̀ lé ní mítà kan, ti 70 sẹ̀ǹtí ò jìnnà sí sẹ̀ǹtímítà 34. Antẹ́nà Arrow táwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé kiri yẹn náà, ọ̀pá mẹ́ta àti méje náà ni, kò sí idán kankan ńbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe é tán ẹ wá ẹni tó ní NanoVNA, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn antẹ́nà, kó bá yín wò ó kẹ́ ẹ tó tẹ PTT, bọ́tìnì ìsọ̀rọ̀.

Etí ọ̀sà nínú UNILAG ni mo máa ń gbé tèmi lọ, apá ìlà-oòrùn ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbalasa, kò sílé kankan tó dí i. ISS, ibùdó táwọn èèyàn ń gbé lójú òfuurufú, ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ohùn ẹ̀ le dáadáa: 437.800 megahẹ́ẹ̀tì lẹ ó fi gbọ́, 145.990 lẹ ó fi sọ̀rọ̀, ẹ fi tone 67 sí i, ohùn abẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ kó gbà yín wọlé. Kò sí rotator kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, apá yín ni rotator 😂

Wasiu_Ìdúmọ̀tà

Ṣé WhatsApp ò ṣiṣẹ́ mọ́ ní Campos ni? Ìbéèrè ni mo bi o, ẹ má bú mi.

Ayọ̀_Akoka

@Wasiu_Ìdúmọ̀tà satẹ́láìtì kan wà tó ń jẹ́ AO-7, wọ́n gbé e lọ sókè lóṣù kọkànlá ọdún 1974, bátìrì ẹ̀ kú ní 1981, gbogbo ayé ti gbàgbé ẹ̀. Ọdún 2002 ó déédé jí padà. Bátìrì tó ti so wáyà pọ̀ nínú ẹ̀ ló já, ni páńẹ́lì sólà bá ń gbé e ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, tí oòrùn bá ti ràn án á máa sọ̀rọ̀, tó bá wọ òjìji ayé á dákẹ́. Ẹ lọ wá WhatsApp 1974 wá fún mi.

Wasiu_Ìdúmọ̀tà

Ó dáa, mo ti gbà. Mo máa jókòó kà á lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Surulere

Táíwò, ọ̀rọ̀ tí Ayọ̀ sọ dáa, àmọ́ ó fo ibi tó nira jù kọjá, ọmọdé sì ni, ẹ foríjì í. Wò ó, ISS rọrùn torí agbára ẹ̀ pọ̀. Gbìyànjú satẹ́láìtì SO-50 wò. Ìyẹn ti wà lókè láti oṣù kejìlá 2002, agbára tó fi ń sọ̀rọ̀ wálẹ̀ ò ju 250 mílíwáàtì lọ, tó bá wà létí ọ̀run ó lè jìnnà sí ẹ tó ẹgbẹ̀rún méjì kìlómítà ó lé. Ìwọ gbé rédíò ọwọ́ oníwáàtì márùn-ún dání, ó ń gbọ́ ẹ kedere, ìwọ ò gbọ́ nǹkan kan, o wá ń pariwo lórí àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Ibi tí gbogbo ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Torí náà owó tó o bá ní, etí ni kó o kọ́kọ́ ná an lé lórí. Ẹnu ò ṣòro, wáàtì márùn-ún ti tó.

Ìkejì, o gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ara ẹ bó o ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Baofeng kan ṣoṣo ò lè ṣe é torí tó bá ń sọ̀rọ̀ etí ẹ̀ di. Dáadáa ló ṣe tó o fi ní méjì: ọ̀kan á máa gbọ́ lórí 70 sẹ̀ǹtí pẹ̀lú íàpíìsì létí ẹ, ìkejì á máa sọ̀rọ̀ lórí 2 mítà. Kenwood TH-D72 ń ṣe méjèèjì pa pọ̀ nínú rédíò kan, àmọ́ wọn ò ṣe é mọ́, tókunbọ̀ nìkan lo lè rí.

Ṣùgbọ́n fetí sí èyí o. 145.990 tó o fi ń bá ISS sọ̀rọ̀, tó o bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta 437.970 ló máa fún ẹ, èyí ò sì jìnnà sí 437.800 tó o fi ń gbọ́. Rédíò olówó pọ́ọ́kú máa ń tú ìlọ́po mẹ́ta yẹn síta, rédíò kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á wá di adití ní gbogbo ìgbà tó o bá tẹ PTT, wàá rò pé satẹ́láìtì ò gbọ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ ẹ, ìwọ lò ń di ara ẹ létí. SO-50 náà bẹ́ẹ̀ ni, 145.850 lẹ̀ẹ̀mẹta jẹ́ 437.550, downlink ẹ̀, ìyẹn ohùn tó ń bọ̀ wálẹ̀, sì wà ní 436.795. Diplexer tó dáa, ẹ̀rọ kékeré tó ń ya 2 mítà sọ́tọ̀ kúrò lára 70 sẹ̀ǹtí, láàárín antẹ́nà àti rédíò méjèèjì ló ń yanjú ẹ̀, ìyẹn gan-an ni mo máa rà kí n tó ronú kan nǹkan míì.

Táíwò_Campos

Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣeun gan-an ni sà. SO-50 yẹn, wọ́n ní ó ní bí wọ́n ṣe ń jí i?

Ẹ̀gbọ́n_Surulere

Bẹ́ẹ̀ ni. Tone 74.4 lo fi máa ń jí i, tẹ̀ ẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì, á jí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn tone 67 lo máa fi sọ̀rọ̀. Downlink ẹ̀ kì í dúró lójú kan torí bó ṣe ń sáré bọ̀ tó tún ń sáré lọ, kọ ọ́ sí mẹ́mọ́rì márùn-ún, bẹ̀rẹ̀ láti 436.805 tó bá ń bọ̀, máa já a wálẹ̀ ní 5 kìlóhẹ́ẹ̀tì 5 kìlóhẹ́ẹ̀tì títí dé 436.785 tó bá ń lọ. Uplink ti 2 mítà, ìyẹn èyí tó o fi ń sọ̀rọ̀ lọ sókè, má fọwọ́ kàn án, ìyípadà tibẹ̀ kéré.

Kó o tó jáde nílé ṣí ojú ìwé AMSAT, ẹgbẹ́ àwọn oní rédíò satẹ́láìtì, tí àwọn èèyàn ti ń kọ ohun tí wọ́n gbọ́ lónìí. Àwọn ìtọ́sọ́nà àtijọ́ ṣì ń dárúkọ AO-92 fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ti jóná bọ̀ wálẹ̀ láti 2024.

Bàbá_Wáyà

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Gbogbo yín ń sọ antẹ́nà, antẹ́nà, kò sẹ́ni tó bi ọmọ yìí wáyà wo ló fẹ́ fi gbé e wá láti orí ilé dé yàrá. Àjà kẹta, ẹ jẹ́ ká ní 20 mítà wáyà. Tó bá jẹ́ RG-58 ló lò, lórí 435 megahẹ́ẹ̀tì ó máa pàdánù bíi 7 dB, ìyẹn ni pé bíi ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí antẹ́nà gbọ́ ló máa dé inú rédíò. Ó ra antẹ́nà ńlá, ó wá fi wáyà jẹ gbogbo èrè ẹ̀. LMR-400 tòótọ́ fún ìwọ̀n kan náà ò tó 2 dB. Mo ní tòótọ́ o, torí ẹnì kan ta ayédèrú fún mi lọ́jà kan tí mi ò ní dárúkọ, orúkọ LMR-400 ni wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀ gàdàgbà, nígbà tí mo bó o, wáyà tín-tìn-tín tí wọ́n hun yí inú ẹ̀ ká fẹ́lẹ́ débi pé o lè rí òdìkejì. Ẹ bó o wò kẹ́ ẹ tó sanwó, kí ọlọ́jà máa bínú ó kù sọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀tàn kan tún wà tí kò burú: RG-6, wáyà díìṣì gan-an, ó wà káàkiri Alaba, owó ẹ̀ ò pọ̀. 75 ohm ni lóòótọ́, rédíò yín ń fẹ́ 50, àmọ́ fún gbígbọ́ nìkan ohun tí ẹ ó pàdánù nítorí ìyẹn kò tó nǹkan, wáyà fúnra ẹ̀ sì sàn ju RG-58 lọ fíìfíì. Tí owó bá wà, ẹ gbé preamp kékeré, ẹ̀rọ tó ń mú ohun tí antẹ́nà gbọ́ lágbára, sókè lẹ́bàá antẹ́nà. Òkè ni mo wí o. Tẹ́ ẹ bá gbé e sínú yàrá, ariwo tí wáyà ti jẹ kù náà ló máa sọ di ńlá.

Ayọ̀_Akoka

Bàbá, ìdí tí mo fi ní kó gbé e lọ́wọ́ gan-an nìyẹn, wáyà mítà kan péré 😁

Bàbá_Wáyà

O ò purọ́. Ṣùgbọ́n tó o bá dàgbà apá á máa dùn ẹ́.

Bísí_Ṣómólú

Ẹ dákun ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi torí mo rí i pé ẹ ti ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo lọ. Táíwò àbúrò mi, ibo lo wà? Èkó. Ìwọ̀n ìlà tiwa ò ju 6.5 dìgírì lọ sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Àwọn satẹ́láìtì tó ń gba òpó ayé dé òpó ayé, orí àwọn ará Nọ́wè ni wọ́n máa ń pọ̀ sí, wọ́n ń kọjá lọ́dọ̀ wọn lákọ̀tún lákọ̀tún, tiwa lójúmọ́ ò pọ̀. Tó bá sì kọjá náà, ta lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀? ISS kò ga ju bíi 420 kìlómítà lọ, ibi tí ojú ẹ̀ ká lórí ilẹ̀ kéré, tó bá wà lórí wa, aṣálẹ̀ àti òkun ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń wò. Tó bá bọ́ sí apá àríwá tàbí ìwọ̀-oòrùn dáadáa wàá gbọ́ Canary àti Spéènì, èyí tó kù, ìwọ àti Ayọ̀ lẹ ó máa kí ara yín. Mi ò ní kẹ́ ẹ má kí ara yín o.

Ṣùgbọ́n QO-100 wà. Transponder tiwa oní rédíò, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tó sì ń dá a padà wálẹ̀, ni wọ́n gbé sínú satẹ́láìtì Es'hail-2 tí wọ́n gbé lọ sókè lóṣù kọkànlá 2018, ó jókòó sójú kan ní 25.9 dìgírì ìlà-oòrùn, kì í lọ kì í bọ̀, tọ̀sán tòru ló wà ńbẹ̀, láti Brazil dé Thailand pẹ̀lú gbogbo Yúróòpù àti gbogbo Áfíríkà ló ń gbọ́ ara wọn lórí ẹ̀. Láti Èkó ó ga tó 62 dìgírì lójú ọ̀run, azimuth ẹ̀ wà ní bíi 105, ìyẹn ìlà-oòrùn tó fi díẹ̀ tẹ̀ sí gúúsù. Ilé àjà mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ yín ò lè dí i. Rotator wo lo tún ń wá? O gbé díìṣì sójú kan, o dè é, ó tán.

Ohun tí Ẹ̀gbọ́n Surulere sọ nípa etí, ibẹ̀ ló ti rọrùn jù. Díìṣì 60 sẹ̀ǹtí tó wà lórí ilé gbogbo èèyàn, LNB universal (orí tó wà níwájú díìṣì) irú èyí tí wọ́n ń pè ní PLL, RTL-SDR tó ń sọ kọ̀ǹpútà di rédíò, àti kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀. LNB á yọ 9750 kúrò nínú 10489.750 megahẹ́ẹ̀tì tí beacon àárín, àmì tí satẹ́láìtì ń fọn láìdákẹ́, wà, 739.750 ni RTL-SDR máa rí. Yagi àti diplexer àti gbogbo ìjà ìlọ́po mẹ́ta yẹn, kò sí ńbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Surulere

Àǹtí Bísí ẹ̀ẹ̀kan sí i tẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ 😄 Mi ò bá yín jà. Àmọ́ satẹ́láìtì tí kì í lọ tí kì í bọ̀, kí lèèyàn ń kọ́ níbẹ̀? Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ kò ní mọ Doppler, bí frequency ṣe ń sún torí eré satẹ́láìtì, kò ní mọ bó ṣe yẹ kó yí antẹ́nà lọ́wọ́ nígbà tí satẹ́láìtì bá ń yí gbirigbiri, kò ní mọ nǹkan kan. Ó máa dà bí ẹni tó ń lo tẹlifóònù lásán.

Bísí_Ṣómólú

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ gbé wáàtì mẹ́ta sórí 2.4 gígahẹ́ẹ̀tì tá a fi ń bá QO-100 sọ̀rọ̀ wò kẹ́ ẹ tó sọ pé kò sí ẹ̀kọ́. Ìgbì tó ń jáde lára feed, antẹ́nà kékeré tẹ́ ẹ fi kọjú sí díìṣì, gbọ́dọ̀ yí sọ́wọ́ òsì kí díìṣì tó dá a padà sọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún ni satẹ́láìtì ń gbọ́. Ẹni tó bá yí i sọ́wọ́ ọ̀tún látilẹ̀, á máa pe CQ, ìyẹn ta ló ń gbọ́ mi, títí ilẹ̀ á fi mọ́. POTY ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, patch kékeré kan tó gbé 2.4 lọ sókè, ihò wà láàárín ẹ̀ tí LNB fi ń gba 10 gígahẹ́ẹ̀tì kọjá. Rédíò kọ̀ǹpútà Adalm-Pluto lè gbé 2400 megahẹ́ẹ̀tì jáde fúnra ẹ̀, ohun tó ń jáde kéré gan-an, ẹ fi amplifier sí i kó di wáàtì mélòó kan. Gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ kò tó ìdajì owó IC-9700. Ẹ̀ṣọ́ kan sì tún wà lórí ẹ̀ tí kò sí lórí àwọn yòókù: tí ohùn yín bá ju beacon lọ, LEILA, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ibẹ̀, á fọn fèrè lé yín lórí, gbogbo ayé á sì gbọ́ pé ẹ̀ ń pariwo jù.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá sọ, bíi ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn náà ló máa tó wọlé sí yín létí. Ó máa ń da ahọ́n rú níbẹ̀rẹ̀.

Ayọ̀_Akoka

Òjò ńkọ́ Àǹtí? DStv wa ní Akoka, òjò ṣú lásán ó ti lọ.

Bísí_Ṣómólú

Òjò ńlá á gbé e lọ, mi ò ní purọ́ fún ẹ, 10 gígahẹ́ẹ̀tì ni. Lóṣù kẹfà pa á kó o sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò tíì sọ. Láti bíi aago mẹ́jọ alẹ́ títí wọ òru, pàápàá lóṣù kẹta àti kẹrin àti láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ionosphere, ìpele afẹ́fẹ́ òkè tí ìgbì rédíò ń gbà kọjá, lórí apá ibi tá a wà yìí máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, ohùn satẹ́láìtì á máa ga á máa relẹ̀ wìrìwìrì, 2 mítà ló ń jìyà jù, 70 sẹ̀ǹtí náà ń gba tiẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù tó ń ṣe fídíò yẹn kì í rí i bẹ́ẹ̀ rárá. Antẹ́nà ńlá ò wo èyí sàn. 10 gígahẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ̀gbọ́n_Surulere

Èyí tẹ́ ẹ sọ yìí òótọ́ ni. Mo ti ń gbọ́ ọ lálẹ́ tipẹ́, ohùn á máa gbọ̀n bíi pé ẹni náà wà nínú ọkọ̀ lórí ọ̀nà tó bàjẹ́. Ó dáa, mo gbà fún yín níbẹ̀. Àmọ́ RS-44 ńkọ́? Ìyẹn ga tó 1,200 sí 1,500 kìlómítà, ojú ẹ̀ gbòòrò, láti Èkó èèyàn lè bá London sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Downlink ẹ̀ wà láàárín 435.610 sí 435.670, yagi ọwọ́ Ayọ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Ó kàn jẹ́ pé SSB ni, ọ̀nà ìgbóhùnjáde tó yàtọ̀ sí FM, Baofeng ò lè ṣe é.

Táíwò_Campos

Ẹ má bínú, ẹ ti ń sáré jù mí lọ. SSB yẹn ló ní kí n ra IC-9700 àbí?

Ẹ̀gbọ́n_Surulere

Rárá. Rédíò FT-817 tàbí 818 tókunbọ̀ fún sísọ̀rọ̀, RTL-SDR fún gbígbọ́. Ní RS-44 ohùn yí padà, o máa fi LSB (SSB ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀) gbé e lọ sókè, á wá bọ́ sílẹ̀ ní USB (SSB ẹ̀gbẹ́ òkè). IC-9700 dára, kò sí àní-àní, tó bá wà lọ́wọ́ mi mi ò ní gbé e sílẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe owó àjọ àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń rà á.

Alaba_Sharp

Ẹ kú àṣálẹ́ ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi ò kí ń ṣe oní rédíò, díìṣì ni iṣẹ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi kan ló fi èyí ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ béèrè, ṣé díìṣì DStv tó wà lórí ilé tẹ́lẹ̀ yẹn ṣe é lò? Torí ó pọ̀ lọ́wọ́ wa, àwọn oníbàárà tó ti dá sísan dúró máa ń ní kí n gbé e kúrò.

Bísí_Ṣómólú

Ọ̀gá Sharp ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin gan-an la nílò. Ó ṣe é lò dáadáa. DStv wà ní 36 ìlà-oòrùn, láti Èkó ìyẹn ga tó bíi 51 dìgírì. Tiwa wà ní 25.9. Ẹ máa gbé ojú díìṣì sókè bíi 11 dìgírì, kẹ́ ẹ sì yí i sọ́wọ́ ọ̀tún díẹ̀ gan-an, kò tó 6 dìgírì. Fíndà yín ò ní dá beacon rédíò mọ̀ torí agbára ẹ̀ kéré, ẹ fi àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì Lárúbáwá tó wà ní 26 wá a, tẹ́ ẹ bá rí wọn ẹ ti débẹ̀.

LNB ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Èyí tó ń pín ṣánẹ́ẹ̀lì fún dekóda mẹ́ta mẹ́rin lórí wáyà kan, ẹ má lò ó, ó ń gbé frequency kúrò níbi tó yẹ kó wà. Universal lásán, ẹnu kan, PLL. Àwọn LNB àtijọ́ tí kì í ṣe PLL, bí oòrùn bá ti ràn wọ́n lára wọn á máa rìn, TV ò ní mọ̀, SSB á mọ̀. PLL náà ń rìn díẹ̀ o, sọ́fítíwíà SDR Console lè so ara ẹ̀ mọ́ beacon kó máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Alaba_Sharp

Mo gbọ́. V àbí H, ìdúró àbí ìbú?

Bísí_Ṣómólú

V, 13 volt ló ń mú LNB wà níbẹ̀, kó má sí tone 22 kilohẹ́ẹ̀tì tí dekóda máa ń rán sí i. Àmọ́ ẹ̀yin mọ̀ ju mi lọ pé l'Ékòó níbí V kì í dúró gangan, LNB yín kì í ṣàì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti 26 yìí, ó máa yí tó bíi 70 dìgírì ó lé díẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ yí i sí fún DStv ò jìnnà sí i, ẹ kàn yí i díẹ̀díẹ̀ títí beacon á fi ga jù lójú kọ̀ǹpútà.

Alaba_Sharp

Ah, èyí mo mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ló máa ń gbé e dúró ṣánṣán bíi ti fídíò òyìnbó, wọ́n á wá máa pè mí lórí fóònù.

Táíwò_Campos

Dekóda ni ò sí níbẹ̀, kí ló máa wá gbé 13 volt fún LNB? Ṣé bias-tee inú RTL-SDR, èyí tó ń gba inú wáyà gbé iná lọ sókè, ò ní tó?

Bàbá_Wáyà

Kò tó. Ti inú RTL-SDR V3 ò ju 4.5 volt lọ. Ra bias-tee sọ́tọ̀, fi bátìrì 12 volt kékeré gbé e, kì í jẹ iná púpọ̀. Bátìrì ni mo wí, má lo ṣájà olówó kékeré tó ń dún wìì, ariwo ẹ̀ á wọ inú wáyà. Ariwo ínfátà àti gílóòbù LED aládùúgbò náà, lórí 2 mítà ló ti ń burú jù, ohun tó jẹ́ kí AO-7 ṣòro ní àárín ìlú nìyẹn torí 2 mítà ló fi ń sọ̀rọ̀ wálẹ̀ tá a bá fi 70 sẹ̀ǹtí bá a sọ̀rọ̀.

Iyọ̀ òkun tó o béèrè lókè, wọn ò dá ẹ lóhùn. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì irin lásán, ní Lagos Island, ọdún ò ní yí po kí wọ́n tó pọ́n. Stainless ni kó o rà. Ibi tí wáyà ti wọnú LNB, fi téèpù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ dì í, téèpù dúdú àwọn ẹlẹ́tríìkì ò tó, omi á wọ ibẹ̀, wáyà á dúdú nínú, wàá rò pé satẹ́láìtì ló bàjẹ́. Gbé áàsì sí i. Tí àrá bá bẹ̀rẹ̀, já wáyà kúrò lára kọ̀ǹpútà, má dúró kó sán tán.

Wasiu_Ìdúmọ̀tà

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, àwa náà l'Éèkó ti ní satẹ́láìtì tiwa rí? Nàìjíríà?

Ayọ̀_Akoka

A ní dáadáa! NigeriaSat-1 ti lọ sókè láti 2003 àmọ́ àwòrán ilẹ̀ ló ń yà, kì í ṣe tiwa oní rédíò. Èyí tó kàn wá ni NigeriaEduSat-1, àwọn FUTA l'Ákúrẹ́ ló ni ín, ìwọ̀n ẹ̀ ò ju páálí kékeré oní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 2017 ni wọ́n tì í jáde láti inú ISS, 70 sẹ̀ǹtí tiwa yìí ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó ti jóná padà báyìí.

Wasiu_Ìdúmọ̀tà

Akúrẹ́ kẹ̀! Ó dáa, èló ni Baofeng?

Táíwò_Campos

😂😂 Wasiu ti wọlé.

Ẹ̀yin àgbà ẹ ṣeun o. Ohun tí mo máa ṣe rèé: rotator ti jáde nínú ọ̀rọ̀. Díìṣì àti LNB àti RTL-SDR ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, gbígbọ́ nìkan, kí n gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí QO-100 títí á fi mọ́ mi létí. Ọ̀pá alumíníọ̀mù ò wọ́n, Ayọ̀ á bá mi gé yagi ọwọ́, màá fi Baofeng méjèèjì àti diplexer gbìyànjú ISS. Ẹ̀ka tó ń sọ̀rọ̀ lọ sókè lórí 2.4, ìyẹn di owó àjọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí. Ó kù sí lánlọ́ọ̀dù, mo sọ fún un pé díìṣì ni, ó ní DStv mélòó lèèyàn kan ń wò.

Ẹ̀gbọ́n_Surulere

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ra diplexer yẹn kó o tó ra LNB.

Bísí_Ṣómólú

Ẹ̀gbọ́n!! Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ jàre.

Alaba_Sharp

Ọ̀gá Táíwò, mo ní 90 sẹ̀ǹtí kan nílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ju 60 lọ, kì í ṣe tuntun. Ọjọ́ Àìkú mo wà ní apá Obalende, mo lè gbé e wá. Ẹ̀rọ tí yóò gbà á mú, páìpù ìnṣì méjì ni, ẹ bá mi wò ó bóyá ògiri orí ilé yẹn lágbára torí 90 máa ń gba afẹ́fẹ́ gan-an létí òkun. Àǹtí Bísí, 62 tẹ́ ẹ sọ, ṣé kí n kà á lára ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn díìṣì ni àbí ojú díìṣì fúnra ẹ̀?

Bísí_Ṣómólú

Ìwọ̀n ẹ̀yìn ẹ̀ ni, tí òpó bá ti dúró gangan. Ojú ẹ̀ ò ní dà bíi pé ó wo 62 rárá torí LNB ò sí láàárín, á dà bíi pé ó wo nǹkan tó relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú. Ẹ fi level wọn òpó yẹn lápá méjèèjì kẹ́ ẹ tó di bóòtù.

Alaba_Sharp

Ó ti yé mi. Ọ̀gá Táíwò ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sínú inbox o, má kọ ọ́ síbí.